Mẹ́ruwà Àdúgbò Wa ní Kubwa, Lẹ́yìn Ọdún Kan

Lọ́jọ́ tí a kó dé Kubwa, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ atẹ́gùn jáde, aláǹtakùn kékeré kan sì jábọ́ tẹ̀lé e. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, n kò tíì rí nǹkan mìíràn kó ti ẹnu ẹ̀rọ yẹn jáde. Ẹni tó bá wa wá ilé ti fọwọ́ sọ̀yà pé omi kì í wọ́n níbẹ̀, pé kànga dẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé. Kànga náà wà lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé ìdílé 8 ló gbójú lé e, àti pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé tán, omi wákàtí kan péré ló ń mú wá láàárọ̀. Orí àpáta ni ibi púpọ̀ ní Àbújá jókòó lé. Bí kànga kò bá jìn dáadáa, omi rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ.

Ìbejì ni mo ní, ọkùnrin méjèèjì, wọn ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti wẹ ìbejì lójúmọ́, tó fọ aṣọ wọn, tó fọ aṣọ ibùsùn tí wọ́n tọ̀ sí, á mọ iye omi tí mò ń wí. Mọ́lẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn la ti kó wá. Kànga wà lágbàálá wa níbẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ ò bá wá, mo máa ju korobá sínú kànga ni, mo fà á, ó parí. Kí n máa fowó ra omi tí n ó fi fọ ilẹ̀, kò wá sọ́kàn mi rí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní Kubwa, ẹkún ló kù tí n kò sun.

Ọwọ́ mẹ́ruwà, ìyẹn ẹni tó ń ti omi kiri tà, ni omi ilé wa ti ń wá láti ìgbà náà. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń júwe ilé oúnjẹ, ilé ìṣerun àti ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó júwe iṣẹ́ mẹ́ruwà, bẹ́ẹ̀ ó di ọ̀ràn ẹni ní ọjọ́ kìíní gan-an. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún tiwa. Ibi tí ìràwọ̀ kan bọ́ sí, n ó sọ ọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ọmọlanke gígùn kan ni, táyà ọkọ̀ méjì ló gbé e, kẹ́ẹ̀gì 12 ló jókòó sórí rẹ̀ ní ìlà méjì. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ti fi ta òróró rí ni, lítà 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ ṣírò ó: lítà 300, ìyẹn kílò 300, láì tíì ka ọmọlanke fúnra rẹ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń tì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sílípáàsì rọ́bà. Kura làwọn Hausa ń pe ọmọlanke yẹn, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ìkookò. Àwọn ọmọ mi kì í wo ohun mìíràn láàárọ̀; bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ti wà lójú fèrèsé.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í pé èló ni. Ó ní "dubu da ɗari biyu." Èmi tí n kò gbọ́ Hausa ju ti ọjà lọ, "dubu" àti "biyu" nìkan ni etí mi mú. Mo ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún un, mo sì ti ilẹ̀kùn. N kò tíì dé ilé ìdáná tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Òun náà ni, ó ti gun àkàsọ̀ padà wá, ó na 800 náírà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mi orí. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba ló sọ. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tí n kò sì lè bá jà bí ó bá mú owó náà lọ, nítorí n kò mọ̀ pé mo ti san jù. Láàárín oṣù kan náà, ẹni tó bá wa wá ilé ti gba owó oríṣiríṣi lọ́wọ́ wa tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó wá ṣe iná sì ti gba owó wáyà tí kò rà. Ọmọ olómi yìí lẹni àkọ́kọ́ tó dá owó padà fún mi ní ìlú tuntun yìí. Inú mi dùn ju bí owó náà ṣe tó lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ òǹkà Hausa, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ kó kọ́ ọ ṣáájú ohun gbogbo. Ɗaya, biyu, uku, huɗu, biyar, kó máa lọ. Ɗari ni ọgọ́rùn-ún, dubu ni ẹgbẹ̀rún. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó láàárọ̀, "ina kwana," ẹ káàárọ̀, lẹ kọ́kọ́ máa wí, kí ẹ dúró kó dáhùn. Bí a ṣe ń kí ara wa nílé náà ni, kò yàtọ̀. Wọn kì í fi ìkánjú bá ẹni tó kí wọn dáadáa sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa omi náà, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a dé, mo gbé ẹ̀wà olóyin kaná ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní aago mẹ́jọ, ẹ̀wà náà ṣì le koko lẹ́nu. Mo rò pé ẹ̀wà tó ti pẹ́ ni, mo lọ ra òmíràn ní ọjà Kubwa, bákan náà ló rí. Ọṣẹ kì í hó lára àwọn ọmọ, ṣe ló ń dì mọ́ ìdí báàfù bí èérí ògì. Ìdí kẹ́tùlù mi ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ti lé lógún ọdún níbí, ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, omi wo lo ní kó máa gbé wá fún ọ?" N kò mọ̀ pé omi ju ẹyọ kan lọ.

Oríṣi méjì ni mẹ́ruwà ń tà ní àdúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ ti kànga dẹ̀rọ tó wà nítòsí, tí onílé kan gbẹ́ tó ń fi tà. Omi náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n láti inú àpáta ló ti ń wá, ó sì ti yọ́ èròjà bíi calcium àti magnesium mọ́ra. Òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná. Èkejì ni omi ẹ̀rọ ìjọba, tí wọ́n ń lọ pọn ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣàn. Dáàmù Lower Usuma tó ń fún ìgboro Àbújá lómi kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ̀bá Ushafa ló wà, ìjọba ìbílẹ̀ Bwari kan náà tí Kubwa wà nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí púpọ̀ pé omi yẹn sún mọ́ wa báyìí tí kò sì dé ẹnu ẹ̀rọ wa, tó jẹ́ pé orí ọmọlanke ló ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n omi tó rọ̀ ni, ẹ̀wà ń jinná níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa sọ irú èyí tí ẹ fẹ́. Bí ẹ kò bá sọ, ti ìtòsí ni wọ́n máa gbé wá, torí òun ló yá. Mẹ́ruwà wa kò parọ́ fún mi nípa rẹ̀ rí. Mi ò bi í ni. Nígbà tí mo bi í ní ìparí ọdún 2023, ó ń gba 100 náírà lórí kẹ́ẹ̀gì omi kànga, 150 lórí omi ìjọba. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún 2024, tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, tí kò sí iná, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni onílé fi ń fa omi kànga, ó di 150 àti 200. Ọmọlanke kan omi ìjọba wá ń jẹ́ 2,400 náírà. Owó ńlá ni. Mo máa ń pín in: kẹ́ẹ̀gì 8 omi kànga sínú dúrọ́ọ̀mù ilé ìwẹ̀, ó kún un dáadáa, kẹ́ẹ̀gì 4 omi ìjọba sílé ìdáná. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò mọ̀ bóyá omi rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán omi wò kí ẹ tó sanwó, ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá hó kíá, ẹ gbà á.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, owó àkàsọ̀ sì wà lọ́tọ̀, 300 náírà ni nígbà náà lórí gbogbo ọmọlanke náà. Àwọn kan nínú ọgbà wa ń bá a dúnàádúrà lórí 300 yìí. Mo ti dúró lókè rí tí mo ń wò ó: ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkan lọ́wọ́ òsì, àkàsọ̀ 19, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó fi máa gbé méjì tó gbẹ̀yìn dé, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ bí okùn. Kò sọ ohunkóhun, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọmọ ẹnìkan ni. Mo ti bá àwọn ará ilé wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ní dẹ́kun: ẹ san 300 náà fún un, ẹ sì yé pè é ní "mọ̀là" bí ẹni pé kò lórúkọ. A ti wà nínú ìlú àwọn ẹlòmíràn rí, a mọ bó ṣe ń rí lára.

Àléébù rẹ̀ wá dà? Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni.

Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ti sọnù pẹ́, ọ̀rá tí wọ́n ká mọ́ fóòmù ni wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà dà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá wà lára kẹ́ẹ̀gì, eyín ló fi ń fa ọ̀rá náà yọ. Lọ́jọ́ kan, mo dúró tì í lẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù, mo sì rí i kedere: ó fi eyín fà á, ó tu ú sílẹ̀ nínú ilé wa, omi dà, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá náà nílẹ̀, ó fi dí òfìfo padà. Àárín ilẹ̀ sí ẹnu, ẹnu sí omi. Ara mi bù máṣọ. Ní ọdún 2021, onígbáméjì jà jákèjádò Nàìjíríà, kò sì yọ Àbújá sílẹ̀. Omi tó ní ìdọ̀tí ló ń gbé e kiri. Ọmọ kékeré méjì wà nílé mi.

N kò pariwo mọ́ ọn. Mo lọ sọ́jà Kubwa, mo wá ìdérí tó bá kẹ́ẹ̀gì yẹn mu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́ẹ̀gì òfìfo, mo ra 12. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, mo kó o fún un, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, mo na ìka sí eyín mi, mo sì mi orí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i ní ọjọ́ kẹta tó ti fi okùn tín-ín-rín so ìdérí kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, kó má baà sọnù. Èmi gan-an kò ronú kan okùn.

Ṣùgbọ́n ìdérí kò sọ omi di mímọ́, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sì ṣì nílò kí wọ́n máa fọ inú rẹ̀ ju bó ṣe ń fọ ọ́ lọ. Ewéko ń hù nínú méjì nínú wọn. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kan bọ́ sí. Álọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ wa ń fi sínú dúrọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí ròrìn sísàlẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò. Èyí tí a ó bá mu, mo ń sẹ́ ẹ, mo ń sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan gbáko, mo sì ń dé e. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ má fi ojú wo omi kí ẹ ní ó mọ́.

Nípa àkókò, kò ní aago, ṣùgbọ́n ó ní ìwà. Ọjọ́ Jímọ̀, kò sí omi láàárín ọ̀sán. Lákòókò ààwẹ̀, àárọ̀ kùtù ló ń wá, tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ 2024, tó bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, dé bá mi lójijì. Ó ti sọ fún mi ṣáájú pé "gobe babu," ọ̀la kò sí. Mo dá a lóhùn pé "na gode," mo dúpẹ́, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi rí i. Lọ́jọ́ kẹta, omi inú ọ̀rá ni mo fi wẹ àwọn ọmọ. Àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20, lítà 10 ni gbogbo rẹ̀. Mo fi ìdajì wẹ̀ wọ́n, mo fi ìdajì tó kù se oúnjẹ. Bí ọdún bá ti ń bọ̀, ẹ kún gbogbo ohun èlò yín lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó lọ ṣọdún.

A gbìyànjú tánkà omi lẹ́ẹ̀kan, lítà 10,000, kí ìdílé 8 dá owó jọ. Ọkọ̀ náà kò lè wọ àdúgbò wa, wọ́n fa rọ́bà gígùn, omi dà sójú títì, ìjà ọ̀rọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó pọn jù. A kò tún un ṣe mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa dúró ti mẹ́ruwà yìí ni ìṣirò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, mo ti ríṣẹ́, mi ò sí nílé láàárọ̀ mọ́. Dúrọ́ọ̀mù kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta ilẹ̀kùn wa, ó ń dà á sínú rẹ̀, mo ń sanwó ní Sátidé. Èédú ló fi ń ṣàmì sára ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìlà kan fún ọmọlanke kan. Èmi náà ń bi ìyá Ìjẹ̀bú ojúkojú wa ní iye tó gbé wá, mo ń kọ tèmi sínú fóònù. Láàárín oṣù mẹ́rin, iye wa dọ́gba ní ọ̀sẹ̀ gbogbo, àfi ẹ̀ẹ̀kan tí tèmi fi ìkan ju tirẹ̀ lọ. Òun ló gbàgbé láti fa ìlà. Mo san án, ó ronú títí, ó ní òótọ́ ni, ó dúpẹ́. Ọkọ mi fẹ́ kun ògiri yẹn lọ́dà. Mo ní kó jẹ́ kó wà.

Ní oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ dáadáa, ó wá sọ fún mi pé òun ń lọ sílé, ìpínlẹ̀ Jigawa, láti lọ dáko. "Cin rani" làwọn Hausa ń pe irú ìgbé ayé yìí, jíjẹ ẹ̀ẹ̀rùn: bí oko bá ti parí, wọ́n á wá ṣiṣẹ́ níbi tí owó wà, bí òjò bá dé, wọ́n á padà sídìí ọkọ́. Ẹni tó fi rọ́pò kò dà bí i rárá. Ẹ wo ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó sanwó fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kì í jẹ́ kó kún, ó ń fi bí ìka mẹ́rin sílẹ̀, ó sì ń gba owó kíkún. Ọpẹ́lọpẹ́ omi òjò, abọ́ gbogbo ni mo tò sábẹ́ páànù.

Mẹ́ruwà wa padà dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Mo gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ ní bíi aago mẹ́fà ààbọ̀, kí n tó jáde, àwọn ọmọ ti ń pariwo. Hassan àti Hussaini ló ń pè wọ́n, bí àwọn Hausa ṣe ń sọ ìbejì ọkùnrin lórúkọ, wọ́n sì ti ń jẹ́ ẹ; èmi ni Maman 'Yan Biyu, Ìyá Ìbejì. Ó gbé jéró wá fún wa láti oko rẹ̀, bíi kóńgò méjì, nínú àpò kékeré. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ọmọlanke rẹ̀. Ìdérí 11 ṣì wà lórí okùn wọn. Ó ti na ìka sí ìkejìlá kí n tó béèrè, ó ní yóò rà á.

Ẹni tó bá ń gbé àgbègbè wa tó sì ń wá a: aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ló ń kọjá, lẹ́yìn náà láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó gidi ni ẹ mú lọ́wọ́, kò ní àkáǹtì. Ẹ sọ bóyá ti kànga lẹ fẹ́ tàbí ti ìjọba, kí ẹ sì ṣí dúrọ́ọ̀mù yín sílẹ̀ kó tó gun àkàsọ̀, kó má baà dúró pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.